Ìjà Obìnrin Tó Tún Jí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Mi ò jókòó hun àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Níbi ìsọmọlórúkọ, nínú dáńfó, lábẹ́ ẹ̀rọ gbígbẹ irun ni mo ti ń gbọ́ wọn. Ẹlòmíràn á bi mí tẹ̀rín-tẹ̀rín, ẹlòmíràn á fi ìbínú bi mí. Ìdáhùn tí mo fún àwọn kan dùn mọ́ mi, èyí tí mo fún àwọn kan sì ń dùn mí títí di òní. Èyí ni ohun tí ǹ bá ti sọ.

Kí lẹ ń pè ní fẹ́mínísìmù gan-an?

Pé kí jíjẹ́ obìnrin má di ìdí tí wọn yóò fi fi ohun kan du ènìyàn: ilẹ̀, ìwé, iṣẹ́, ìbò, ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ, oorun àlàáfíà nínú ilé ara rẹ̀. Ìyẹn náà ni. Ìdọ́gba kò sọ pé kí ọkùnrin àti obìnrin jọra. Táíwò àti Kẹ́hìndé kì í hu ìwà kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ìyá ìbejì tó máa ra aṣọ fún ọ̀kan, kó wá fi èkejì sílẹ̀ níhòòhò.

Ṣé kì í ṣe àṣà òyìnbó lẹ gbé wọ̀lú?

Orúkọ rẹ̀ ló ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èdè tí a fi ń jiyàn. "Ó ti lọ sọ́jà." Ta ló lọ, ọkùnrin tàbí obìnrin? Gbólóhùn náà kò sọ, kò sì sí ẹni tó yọ lẹ́nu. Ohun tí èdè wa kì í gbàgbé láti sọ ni ẹni tó ṣáájú: ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò. Ọmọbìnrin ilé tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ, ọkọ ló jẹ́ fún ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀; Ìdílẹ̀kẹ̀ tàbí Adúmáadán ni yóò máa pè é.

Ìlú ní Ìyálóde. Ẹfúnróyè Tinúbú gba oyè náà ní Ẹ̀gbá ní 1864, lẹ́yìn ipa tó kó nígbà tí àwọn ará Dàhòmì gbógun ti Abẹ́òkúta. Ní Àkúrẹ́ àti láwọn ìlú Èkìtì títí di òní, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin ọba lè di adelé, kó wọ aṣọ ọkùnrin, kó sì máa darí ìlú títí wọn yóò fi jọba tuntun.

Àwọn kan máa ń dé ibí yìí, wọ́n á ní ó tán, ilẹ̀ Yorùbá kò ní ìṣòro kankan kí òyìnbó tó dé. Mi ò gbà. Ìyàwó tó ń pe ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ọkọ yẹn, ta ló bi í bó ṣe rí lára rẹ̀? Adelé náà, ọjọ́ tí ọba tuntun bá gorí ìtẹ́ ni yóò bọ́ aṣọ ọkùnrin. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, lówó, ó lágbára, ó sì ní ẹrú rẹpẹtẹ, tọkùnrin tobìnrin. Ẹni tó bá ń fi orúkọ rẹ̀ pọ́n àtijọ́ lé, kó rántí pé àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀ náà jẹ́ obìnrin. Ó sì kú ikú oró ní 1874, torí agbára rẹ̀ ti di ẹ̀gún lójú Látòósà, olórí ìlú.

Ṣùgbọ́n ohun kan dájú: ìjọba amúnisìn kò wá tú obìnrin sílẹ̀. Ọkùnrin ni wọ́n ń bá ṣèpàdé, ọkùnrin ni wọ́n fi joyè agbowó-orí, ọkùnrin ni wọ́n gbà síṣẹ́ akọ̀wé. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, olórí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, lọ sí London ní 1947 pẹ̀lú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn níbẹ̀ pé ìjọba wọn ti rẹ obìnrin Nàìjíríà sílẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ó sọ ọ́ lójú wọn, nílé wọn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta?

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbí díẹ̀.

Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá lọ́tọ̀, kì í ṣe lábẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 á san. Ọmọkùnrin, ó di 16. Kò sí ìwé ọjọ́ ìbí nígbà náà, nítorí náà àwọn agbowó-orí a máa tú ọmọbìnrin sí ìhòòhò kí wọ́n lè wò ó bóyá ó ti tó ẹni tí ń san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà, obìnrin kò ní ìjókòó kankan.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn ìyá ọjà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onígbàgbọ́ tó kàwé wà nílùú, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ aṣọ rírán àti kéèkì dídín. Fúnmiláyọ̀ ló ń darí wọn. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abẹ́òkúta Grammar School, ní 1914. Nígbà tí àwọn ìyá ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà, ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni wọ́n gbé dé. Ọ̀rọ̀ kéèkì parẹ́. Ní 1946 ẹgbẹ́ yí orúkọ padà, ó di ti gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Fúnmiláyọ̀ bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, ó sì ń sọ Yorùbá sí àwọn aláṣẹ òyìnbó; kí wọ́n lọ wá ògbufọ̀ tiwọn.

Ìjọba ní àwọn kò fún wọn láyè láti ṣe ìwọ́de. Àwọn obìnrin ní kò burú, àríyá làwọn ń lọ. Àríyá náà sì máa ń gba iwájú ààfin kọjá ni. Lópin oṣù Kọkànlá 1947, àwọn obìnrin tó yí ààfin Aláké ká lé ní 10,000. Ibẹ̀ ni wọ́n sùn, ibẹ̀ ni ilẹ̀ mọ́ bá wọn, orin tí wọ́n sì ń fi bú ọba, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Wọ́n ní òyìnbó aláṣẹ kan jágbe mọ́ Fúnmiláyọ̀ pé kó pa àwọn obìnrin rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Fúnmiláyọ̀ ní ó hàn pé wọ́n bí i, àmọ́ wọn ò kọ́ ọ. Ṣé bó ṣe máa bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn? Nígbà tí wọ́n gbé Orò jáde kí obìnrin lè sá wọlé, ìtàn tí wọ́n ń pa fún wa ni pé ó gba ọ̀pá Orò lọ́wọ́ wọn, ó sì gbé e lọ sílé.

Ní oṣù Kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó forí lé Òṣogbo. Ó di ìparí 1950 kó tó padà. Wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó gbé e dé bẹ̀: owó àti ìrẹsì. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ ṣàlàyé fẹ́mínísìmù fún wọn.

Kí ló wá pa iná yẹn?

Òṣèlú ló kọ́kọ́ bu omi lé e, ṣọ́jà wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan dá ẹ̀ka obìnrin sílẹ̀, iṣẹ́ wọn ni láti kọrin, láti se oúnjẹ, láti kó ìbò wá. Fúnmiláyọ̀ fúnra rẹ̀, nígbà tó fẹ́ díje ní 1959, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fà á kalẹ̀. Ó dá dúró, ó sì fìdí rẹmi. Lóòótọ́, Wúràọlá Ẹ̀san wọ ilé aṣòfin àgbà ní 1960, òun nìkan láàárín ọkùnrin. Ní Àríwá, ó di 1976 kí obìnrin tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ọdún 16 lẹ́yìn òmìnira!

Ní oṣù Kejì 1977 ni ṣọ́jà ya wọ ilé Fẹlá, ọmọ Fúnmiláyọ̀, tí wọ́n sì ju ìyá arúgbó náà láti ojú fèrèsé òkè. Ó kú ní oṣù Kẹrin 1978.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì pe ìpàdé ní Zaria ní 1982, ẹgbẹ́ Women in Nigeria sì ti ibẹ̀ jáde. Wọ́n ní a kò lè ya ìyà obìnrin kúrò lára ìyà tálákà. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ní 1987 ìyàwó olórí ológun gbé ètò tirẹ̀ dé fún obìnrin ìgbèríko, láti ìgbà náà lọ sì ni ìyàwó gómìnà kọ̀ọ̀kan ti di olórí ọ̀rọ̀ obìnrin ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ pọ̀. Ẹ̀tọ́ kò pọ̀.

Kí ló jí i padà?

Ọmọ ìyá ọjà lọ sí yunifásítì, ó sì ra fóònù. Bí mo ṣe rí i nìyẹn.

Ní oṣù Kejìlá 2012, Chimamanda Ngozi Adichie sọ̀rọ̀ kan ní London lórí fẹ́mínísìmù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e Beyoncé fi ohùn rẹ̀ sínú orin, àwọn ọmọge tí kò ka ìwé rẹ̀ rí sì gbọ́ ọ. Lọ́dún 2013 yẹn kan náà, àwọn aṣòfin àgbà fẹ́ yọ gbólóhùn kan kúrò nínú òfin ilẹ̀ wa tó sọ pé obìnrin tó bá ti lọ́kọ ti di àgbà, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́. Wọ́n dìbò, ó wọlé. Sẹ́nétọ̀ kan gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn dìde, wọ́n tún ìbò dì, ó já. Ariwo sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọmọdé kì í ṣe ìyàwó. Gbólóhùn yẹn ṣì wà nínú òfin.

Ní oṣù Kejìlá 2018, àwọn ọ̀dọ́bìnrin wọ́de wọ ọjà Yábà l'Ékòó, nítorí àwọn ọkùnrin tó ń fa obìnrin lọ́wọ́, tí wọ́n ń fọwọ́ kàn wọ́n lára, tí wọ́n á sì ní ọjà làwọn ń pè wọ́n wá rà. Obìnrin wo ló ti rìn níbẹ̀ tí kò mọ ohun tí mò ń sọ? Ìyá mi kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé báàgì síwájú àyà. Àwọn ọmọ yìí ní kí wọ́n kọ́ ọkùnrin.

Lẹ́yìn náà, 2020. Ní oṣù Keje, Dámilọ́lá Odùfúwà, Ọdúnayọ̀ Ẹ̀wẹ̀níyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá Feminist Coalition sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni EndSARS, ìwọ́de tó ta ko ìwà ìkà ọlọ́pàá, bẹ́. Àwọn ni wọ́n ń gba owó jọ, tí wọ́n ń san ti oúnjẹ, ti ilé ìwòsàn, ti lọ́yà fún àwọn tí ọlọ́pàá kó. Nígbà tí ọ̀nà báńkì dí mọ́ wọn, wọ́n yí sí Bitcoin. Owó tí wọ́n rí lé ní ₦147 mílíọ̀nù, wọ́n sì ń kọ bí wọ́n ṣe ń ná an síta kí gbogbo ayé rí i. Mo rántí àwọn ọkùnrin tó ti ń fi irú àwọn ọmọbìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún mélòó kan, tí wọ́n wá ń jẹ ìrẹsì wọn lójú pópó. Wọ́n jẹ ẹ́ dáadáa. Ìgbà tí ìjà parí, yẹ̀yẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣé òfin Nàìjíríà kò ti sọ pé a dọ́gba?

Ó sọ bẹ́ẹ̀ ní abala 42. Abala 26 wá sọ pé ọkùnrin Nàìjíríà tó bá fẹ́ ará ìlú òkèèrè lè mú kí ìyàwó rẹ̀ di ọmọ ilẹ̀ yìí. Obìnrin tó bá fẹ́ ará òkèèrè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn Àríwá, ní abala 55, fàyè gba ọkọ láti bá ìyàwó rẹ̀ wí, tí kò bá ti ṣe é léṣe tó burú jáì. Ti Gúúsù náà ńkọ́? Ẹni tó bá fọwọ́ pa ọkùnrin lára lọ́nà ìbàjẹ́, abala 353 fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Tó bá jẹ́ obìnrin ló ṣe é sí, abala 360, ọdún méjì. Ẹni tó kọ ọ́ kò tilẹ̀ tijú.

Òfin 2015 tó ta ko ìwà ipá sí ènìyàn tún àwọn kan nínú èyí ṣe ní Abuja, ó sì kù sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti sọ ọ́ di tirẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé aṣòfin ní 2022?

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, wọ́n dìbò lórí àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa. Àbá kan fẹ́ fi ìjókòó 111 kún ilé méjèèjì fún obìnrin nìkan. Òmíràn fẹ́ kí ọkọ ará òkèèrè lè di ọmọ Nàìjíríà. Òmíràn fẹ́ kí obìnrin lè di ọmọ ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀. Wọ́n dà wọ́n nù. Lọ́jọ́ kejì àwọn obìnrin kó ara wọn dé ẹnu géètì ilé aṣòfin. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 8, ọjọ́ àwọn obìnrin lágbàáyé, ilé aṣojú ní àwọn máa tún díẹ̀ nínú wọn yẹ̀ wò.

Nínú sẹ́nétọ̀ 109 tí ìbò 2023 gbé wọlé, obìnrin mẹ́rin péré ni, ilé ẹjọ́ ló sì gbé ọ̀kan nínú wọn dé ibẹ̀. Kò tíì sí obìnrin tí a fi ìbò yàn ní gómìnà rí. Virginia Etiaba di gómìnà Anambra fún oṣù díẹ̀ láàárín 2006 àti 2007, nítorí wọ́n yọ ọ̀gá rẹ̀.

Ogún ńkọ́? Ṣebí Yorùbá máa ń fún ọmọbìnrin?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yẹ ká fi yangàn díẹ̀. Bóyá ìdí-igi la fi pín in (ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan) tàbí orí-ò-jorí (orí ọmọ kọ̀ọ̀kan), ọmọbìnrin ń gba tirẹ̀. Láwọn apá kan ilẹ̀ Ìgbò kò rí bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní oṣù Kẹrin 2014 pé àṣà tó ń fi ogún bàbá du ọmọbìnrin ta ko òfin. Bàbá tí wọ́n ń jà lé ogún rẹ̀ lórí kú ní 1981. Ẹ ṣírò ọdún tí ọmọ rẹ̀ fi rìn ní kóòtù.

Ṣùgbọ́n ká má yangàn jù. Ní àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Láyé àtijọ́ òun gan-an wà lára ohun tí wọ́n ń pín: wọ́n á ṣú u lópó fún àbúrò olóògbé. Àti lónìí, opó tí kò ṣe ìgbéyàwó kóòtù, tí kò bímọ, kó múra sílẹ̀ de àwọn mọ̀lẹ́bí tó máa wá gba kọ́kọ́rọ́.

Bíbélì àti Àlùkùránì gbà bẹ́ẹ̀?

Pásítọ̀ ni ọkọ Fúnmiláyọ̀. Àwọn obìnrin Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ wọn, FOMWAN, sílẹ̀ ní 1985, wọ́n sì ń fi Àlùkùránì fúnra rẹ̀ jà fún ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin. Ìjà lórí ìtumọ̀ pọ̀ nínú gbogbo ẹ̀sìn, títí kan tiwa: nílẹ̀ Yorùbá ìyánífá, obìnrin tí wọ́n tẹ̀ nífá, kì í ṣe ohun àjèjì, àmọ́ ní Kúbà, nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ obìnrin nífá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ọ̀pọ̀ babaláwo ibẹ̀ fárí gá. Ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa ló gbé Ifá dé Kúbà, àwọn ọmọ ọmọ wọn ló wá ń bá wa jiyàn lórí ohun tí Ifá sọ.

Ẹ kórìíra ọkùnrin, àbí?

Rárá o. Israel Ransome-Kuti, ọkọ Fúnmiláyọ̀, jẹ́ olórí àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, ó sì ti ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn gbágbáágbá. Onílé kan l'Ékòó, tó ní kí n lọ mú ọkọ mi wá kí òun tó lè gba owó ilé lọ́wọ́ mi, obìnrin ni. Kì í ṣe ọkùnrin là ń bá jà.

Àwọn òwe wa ńkọ́?

Bí ọmọ bá dára, ti bàbá ni; bí kò bá dára, ti ìyá ni. Ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ ó sì dá mi lóhùn pé ìyá ni wúrà, bàbá ni dígí. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpótí là ń kó wúrà sí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì máa ń wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìyá mi ń ta ọjà, kò kàwé. Kí ni gbogbo èyí kàn án?

Nínú gbogbo ìbéèrè, èyí ló máa ń tì mí lójú jù, nítorí ẹ̀bi wa ló jẹ́ pé ẹ ní láti bèèrè. Gẹ̀ẹ́sì là fi ń ṣe ìpàdé. Òtẹ́ẹ̀lì la ti ń ṣe é. Ìsinmi ìbímọ oṣù mẹ́fà tí a ń jà fún, òṣìṣẹ́ olówó oṣù ló ń jẹ ẹ́. Aláta tó bímọ lónìí ti padà sídìí àtẹ rẹ̀ kí ọmọ tó pé ogójì ọjọ́, ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀ láàárọ̀, ti ẹgbẹ́ ọjà ń bọ̀ lọ́sàn-án, ti àwọn ọmọ ìta ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Kí ni ìyẹn bí kò ṣe owó-orí 1947? Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta mọ ẹni tó ń gba owó wọn, wọ́n mọ ọ̀nà ilé rẹ̀, wọ́n sì lọ sùn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwa ń kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù.

Lọ́dún tó kọjá mo gbé ìwé ìbéèrè kan lọ bá ìyá aláta kan. A fẹ́ mọ ohun tí àwọn obìnrin ọjà ń fẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí a kọ sílẹ̀ fún un: ẹ̀tọ́ sí ìṣèlú, ẹ̀tọ́ sí ogún, ìdáàbòbò. Ó ń fọ tòmátò, ó ní "hẹn", "hẹn". Nígbà tí mo parí, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lòun fẹ́, èyí tó ní ilẹ̀kùn, tí ẹnikẹ́ni kò ní jókòó síwájú rẹ̀ máa gba owó lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Mo wo ìwé ọwọ́ mi. Kò sí níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pẹ̀lú bírò, ó sì bi mí pé ẹgbẹ́ tí mo ń sọ yìí, ṣé ẹ máa ń dá àjọ?